Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Màmá Òkehò Lórúkọ Nínú Igbó

Ọ̀rá méjì ni Màmá Òkehò fi bo gèlè rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé náà, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, ó sì so etí wọn pọ̀ lábẹ́ àgbọ̀n bí ẹni tí eyín ń dùn. Ó wọ kóòtù ọmọ rẹ̀ lé bùbá, ó ró ìró méjì léra wọn, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà tó tóbi jù ú lọ, ó wá mú agboòrùn kan dání. Nígbà tó ṣí agboòrùn náà nínú pálọ̀ láti wò ó bóyá ó ń jò, Ìníọlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Wọ́n ti tẹ àwòrán bàbá arúgbó kan sára agboòrùn náà. Ojú bàbá náà fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀ ńlá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì kọ "Ó dàárọ̀ o, Pápá" sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Níbi ìsìnkú onílé kan ní Òkehò ni wọ́n ti fi ta Màmá lọ́rẹ. Ó kó o mọ́ ẹrù wá sí Amẹ́ríkà nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wí, agboòrùn ìsìnkú kì í jò.

Ìníọlá sáré wọ yàrá tọ ìyá rẹ̀ lọ. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Màmá kí wọ́n má gbé agboòrùn yẹn. Òkú ló wà lára ẹ̀."

Adétóyìn, ìyá rẹ̀, ń wọṣọ iṣẹ́. Bàbá arúgbó kan ló máa ń lọ tọ́jú nílé, bó bá sì pẹ́ débẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ mọ́jú kò ní lè lọ sinmi. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Ìníọlá, ṣé o fẹ́ lọ àbí o ò fẹ́ lọ?"

"Mo fẹ́ lọ."

"Ìwọ àti Màmá ni. Bí Màmá ò bá lọ, ìwọ náà ò lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí tí wọ́n ti wà nínú ilé yìí tí ẹsẹ̀ wọn ò kan ilẹ̀. Jọ̀ọ́, tú ojú ká."

Òótọ́ ni Adétóyìn sọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni òjò ti ń rọ̀ lé Mount Hope, àdúgbò wọn ní Bronx, lórí, ṣùgbọ́n orí kọnkéré ló ń rọ̀ sí, inú gọ́tà ló sì ń gbà lọ. Màmá a jókòó ti fèrèsé ní àjà karùn-ún, a máa wò ó. "Òjò ń rọ̀, mi ò gbóòórùn ẹ̀," ni yóò wí. "Irú òjò wo nìyẹn?" Ní Òkehò, bí òjò bá ti dá báyìí, erùpẹ̀ a máa ta sánsán, àwọn ọmọdé a sì wọ inú igbó lọ ṣa ìgbín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá ti ní kí wọ́n gbé òun padà sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tó ń ba Adétóyìn lẹ́rù nìyẹn, torí ó pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti rí ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ má fi Ìníọlá ṣe ọmọ burúkú o. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Bronx ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bó bá ń sọ ọ́, gbogbo ohùn ọ̀rọ̀ ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n lọ̀. Ó fẹ́ràn Màmá. Ìṣòro ibẹ̀ ni Susan àti David. Nínú ẹgbẹ́ arìnrìn-igbó ilé ìwé wọn, àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ọmọ máa ń fẹ́ bá rìn, ọdún kan gbáko sì ni Ìníọlá ti ń wá ọ̀nà láti bá wọn ṣọ̀rẹ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ni Susan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé, "Bá wa rìn ní Sátidé." Ṣé òkú tó ń rẹ́rìn-ín ló wá yẹ kó mú dání lọ?

Wọ́n wọ tíréènì, ó di ìdíkọ̀ tó gbẹ̀yìn. Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá rí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn ni itẹ́ òkú, ó tẹ́ lọ rẹrẹ, àwọn òkúta ibojì ń dán nínú òjò. Màmá dúró.

"Ìníọlá, ṣé ibi tí ìyá ẹ ní kó o mú mi wá nìyí?"

"Rárá o, Màmá. Páàkì wà níwájú."

"Ó da. Mo kàn bèèrè ni." Ó sì yí ojú Pápá sí ìhà ibojì, bí ẹni pé kó lè kí àwọn ojúgbà rẹ̀.

Sharon, obìnrin aṣọ́gbó tó máa ń ṣáájú wọn rìn, ti wà lẹ́nu ọ̀nà páàkì pẹ̀lú fìlà fífẹ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ mẹ́sàn-án dúró yí i ká. Màmá kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kú òjò o. Ẹ kú ìrìn o." Ó bèèrè lọ́wọ́ David bóyá àlàáfíà ni bàbá rẹ̀ wà. Ó tọwọ́ bọ àpò kóòtù, ó fún Susan ní ẹ̀pà yíyan nínú ọ̀rá kékeré. Àwọn ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ara Ìníọlá sì ń gbóná lábẹ́ aṣọ òjò rẹ̀. Kò yẹ ẹ̀rín wọn wò dáadáa. Bó bá yẹ̀ ẹ́ wò ni, ì bá rí i pé inú wọn ń dùn ni.

Sharon ka òfin fún wọn: kí ẹnikẹ́ni má yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì dá dúró lẹ́yìn. Ni wọ́n bá wọ inú igbó.

Kí n má parọ́, igbó náà dára lọ́jọ́ yẹn. Òjò ti rọra dín kù, ó kù kí ewé kọ̀ọ̀kan máa kán èyí tó gbà pamọ́ sílẹ̀. Gbogbo nǹkan tutù yọ̀yọ̀. Màmá mí kanlẹ̀, ó ní, "Hẹ́ẹ̀n-ẹ́n. Òjò nìyí." Láti ìgbà náà ni kò ti rìn dáadáa mọ́. Ó ń fọwọ́ kan èèpo igi, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo olú, ó ń bu erùpẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ gbóòórùn rẹ̀. Bí àwọn tó kù bá ti rin ogún ìṣísẹ̀, òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ rin mẹ́ta. Ìníọlá dúró láàárín méjì, ó ń wo iwájú, ó ń wo ẹ̀yìn.

Susan sáré padà wá bá a. Ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Sharon ní odò ti kún, ó ń já wálẹ̀ lórí àpáta. A fẹ́ lọ wò ó. Yára bọ̀."

Bẹ́ǹṣì onígi kan wà lẹ́bàá ọ̀nà lábẹ́ igi ńlá kan. Ìníọlá wo bẹ́ǹṣì, ó wo Màmá. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n ta ló rántí òwe nígbà tí Susan ń pè é?

"Màmá, ẹ jókòó síbí. Mò ń bọ̀ báyìí báyìí. Ẹ má kúrò o."

"Níbo ni mo fẹ́ lọ?" ni Màmá wí, ó sì jókòó, inú rẹ̀ ń dùn.

Nígbà tí Ìníọlá bá wọn níwájú, Sharon ka orí wọn, ó ní, "Ìyá àgbà ńkọ́?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí Ìníọlá bá sọ òótọ́, gbogbo wọn á padà lọ dúró ti Màmá, David á sì mọ̀ pé òun ló dí wọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó rò ó. "Mọ́mì mi ti wá mú wọn. Ó rẹ̀ wọ́n."

Sharon gbà á gbọ́, ó sì fagi lé Màmá nínú ìwé rẹ̀.

Odò náà kún lóòótọ́. Omi ń já lulẹ̀ lórí àpáta, ó ń hó, ó ń ta sí wọn lójú. David ní òun kì í yọ̀, ó yọ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n. Susan fọwọ́ kọ́ Ìníọlá lọ́rùn, wọ́n jọ ya fọ́tò. Ọdún kan tó ti ń wá ojú rere wọn, òun nìyí lójú agbo. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ ọn, àmọ́ kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbàkigbà tó bá ti rín in tán, á bojú wẹ̀yìn síhà bẹ́ǹṣì. Nígbà tó fi máa wo aago, ogójì ìṣẹ́jú ti kọjá. Ó ní òun fẹ́ wá ibi tí òun á ti tọ̀, ó sáré padà.

Kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì.

Ìníọlá wo abẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé abẹ́ bẹ́ǹṣì gba Màmá. Ó wo ẹ̀yìn igi. Kò sí agboòrùn, kò sí ọ̀rá. Fóònù Màmá wà nínú àpò rẹ̀ o, ṣùgbọ́n bí kò bá sí wáìfáì, kò yàtọ̀ sí bíríkì. Ìníọlá gbé ohùn sókè: "Gránmà! Gránmà!"

Obìnrin arúgbó kan yọjú lábẹ́ agboòrùn pupa pẹ̀lú ajá lọ́wọ́, ó dá a lóhùn lédè Sípáníìṣì. Òmíràn dáhùn láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ó bèèrè bóyá ọmọ ọmọ òun ló ṣubú. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí ìyá àgbà mẹ́ta fi pé jọ sídìí bẹ́ǹṣì náà, gbogbo wọn ṣàánú rẹ̀, kò sì sí Màmá Òkehò láàárín wọn. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọmọ náà gidi. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́rin, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò gbọ́ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, ló wà nínú igbó tí òjò tún ti ń ṣú lé lórí.

Ó sáré padà lọ bá Sharon, ó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀: Mọ́mì kò wá, òun ló parọ́, òun ló fi Màmá sílẹ̀. Sharon kò bú u. Ó kàn fa ìwé rẹ̀ yọ, ó ní, "Kí ni orúkọ wọn?"

"Màmá Òkehò."

"Orúkọ wọn nìyẹn?"

"Ìlú wọn nìyẹn."

"Orúkọ wọn ni mo ní."

Ìníọlá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn orúkọ tó mọ̀ lọ́kàn. Mọ́mì ń pè wọ́n ní Màmá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Sístà Tóyìn ni wọ́n ń jẹ́. Lórí fóònù láti Nàìjíríà, àwọn èèyàn ń kí Ìyá Ọlá, torí Bùọ̀dá Ọlá ni àkọ́bí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òun fi jẹ́ ọmọ ọmọ obìnrin yìí, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tó wá sí òun lọ́kàn pé ẹnì kan sọ ọ́ lórúkọ rí. Àfi kó pe ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ Màmá?"

"Màmá wo?"

"Màmá Òkehò."

"Kí lo fẹ́ fi orúkọ ìyá mi ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ni."

"Ìwé kí ni wọ́n ń kọ nínú igbó? Gbé fóònù fún Màmá."

"Mọ́mì, mo fi Màmá sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, a ò rí wọn mọ́."

Ìyá rẹ̀ kò pariwo, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. Ó ní, "Olúwa, dárí jì mí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà ní ọsibítù. "Ṣìmísọ́lá. Ṣìmísọ́lá Mákánjúọlá. Má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ."

Sharon mú gbohùngbohùn rẹ̀ jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń pe àwọn tó ti rìn jìnnà. Ó pín àwọn ọmọ sí méjì méjì, ó ní kí wọ́n má jìnnà sí ojú ọ̀nà. Ni igbó náà bá kún fún orúkọ Màmá. Sharon ń pè é nínú gbohùngbohùn, David ń pè é lápá òsì, Susan ń pè é lápá ọ̀tún, àwọn ìyá àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ajá náà ò gbẹ́yìn. "Ṣìmísọ́lá! Ṣìmísọ́lá Mákánjúọlá!" Olúkúlùkù ló ń pè é bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbà á, wọ́n sì pè é títí ohùn fi há. Igbó dákẹ́. Ẹyẹ pàápàá dákẹ́.

Ìníọlá ti ń sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ó rí ojú ẹsẹ̀ lásán, tínrín, pẹ̀lú ọmọ ìka tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti Màmá. Ojú ẹsẹ̀ náà ń rọra lọ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n sún mọ́ra. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà ti ń sáré.

Fóònù dún. Adétóyìn ni, ó ti bẹ ẹlòmíràn kó dúró ti bàbá arúgbó, ó sì ti wà nínú tíréènì. "Ṣé ẹ ti rí wọn?"

"Rárá, Mọ́mì. A ti ń pe orúkọ wọn látàárọ̀, wọn ò dáhùn."

"Ẹ ń pe kí ni?"

"Orúkọ wọn. Sharon ń fi gbohùngbohùn pè é."

"Nínú igbó? Ìníọlá, ta ló ń dáhùn orúkọ nínú igbó? Láti kékeré ni Màmá ti ń kìlọ̀ fún wa: bó o bá gbọ́ orúkọ ẹ nínú igbó, tó ò sì rí ẹni tó pè ọ́, pa ẹnu ẹ dé, kó o sì kúrò níbẹ̀. Ìwin ni. Ẹ lè pè wọ́n di Kérésìmesì, wọn ò ní dáhùn. Wọ́n á kàn máa sá fún yín ni."

"Ṣebí ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n?"

"Igbó ò mọ Mẹ́tọ́díìsì. Ní kí wọ́n dákẹ́ ariwo yẹn. Ìwọ tó o fi wọ́n sílẹ̀, ìwọ ni kó o lọ wá wọn."

Ìníọlá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Sharon bó ti lè ṣe é. Sharon ti wá ọ̀pọ̀ èèyàn tó sọnù nínú igbó rí, àmọ́ kò tíì pàdé ẹni tó ń sá fún orúkọ ara rẹ̀. Ó pa gbohùngbohùn, ó bọ́ fìlà, ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Ó wá ń tẹ̀ lé Ìníọlá lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ náà.

Wọ́n tọ ojú ẹsẹ̀ yẹn lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí igi ti pọ̀, Ìníọlá gbọ́ ohùn wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń gbàdúrà. Ó gbé ojú sókè. Láàárín igi méjì, ní ibi tí orí èèyàn yẹ kó wà, ojú ọkùnrin arúgbó kan ń wò ó, ó fẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìníọlá ti ń yí padà kó lè sá kó tó rí "Ó dàárọ̀ o, Pápá" lábẹ́ àgbọ̀n ojú náà.

"Màmá?" ni ó wí.

Agboòrùn náà mì, kò sì wálẹ̀. Ohùn Màmá jáde lẹ́yìn rẹ̀. "Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni. Ìníọlá."

"Kí ni Ìníọlá jẹ láàárọ̀?"

"Sírìà àti mílíìkì."

"Kò sí ohun tí ìwin ò mọ̀. Dúró níbẹ̀. Má sún mọ́ mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni."

"Ìníọlá ní òun ń bọ̀ báyìí báyìí. Báyìí báyìí ti kọjá tipẹ́. Ìwọ wá ń gbé ohùn ọmọ mi wọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba ọmọ náà lọ́kàn jẹ́. Ó wo aṣọ òjò olówó gọbọi tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá àgbà tó wà nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ agboòrùn, ojú tì í, ìtìjú yìí kò sì jọ ti àárọ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Ojú yín ló ń tì mí. Agboòrùn yín, àti ọ̀rá orí yín, àti bí ẹ ṣe ń kí gbogbo èèyàn. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ni mo ṣe fi yín sílẹ̀. Mo tún parọ́ pé Mọ́mì ti wá mú yín. Mi ò mọ orúkọ yín pàápàá. Mọ́mì ni mo bi. Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

Ni Pápá bá rọra sọ̀ kalẹ̀, ojú Màmá sì yọ sókè, òtútù ti mú un, bàtà rọ́bà méjèèjì wà lábíyá rẹ̀.

"Dìde," ni ó wí. "Ìwọ ni. Ìwin kì í tọrọ àforíjì."

Ó wò ó sí i, ó tún ní, "Kò sì sí ìwin tó máa sọ Yorùbá báyìí, kí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ má lé e jáde."

Ìníọlá dì mọ́ ọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Sharon náà ń nu ojú, ó ní òjò ni.

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ ni Màmá ròyìn fún wọn, Ìníọlá sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ìgbín kan ló rí lára bẹ́ǹṣì, kò tóbi ju èékánná ìka kékeré lọ. Ó rò ó pé bí ọmọ bá kéré tó yìí, ìyá rẹ̀ á wà nítòsí, ó sì bọ́ bàtà kó lè wá ìyá ìgbín náà dáadáa. Ó tẹ erùpẹ̀, ó tutù, ó rọ̀. Láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà, inú rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Níbi tó ti ń wá a ni ohùn irin kan ti pe orúkọ rẹ̀.

"Ẹni tó pè mí ní Ṣìmísọ́lá gbẹ̀yìn ni ìyá mi," ni Màmá wí. "Ó ti pé ogún ọdún tí wọ́n ti wọ káà ilẹ̀ lọ. A sì gba ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú kọjá láàárọ̀. Mo ní, ó dáa, àwọn ni wọ́n wá mú mi lọ. Mo wá ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ padà sílé, Tóyìn ò tíì mọ ibi tí mo kó ẹ̀gúsí sí."

Adétóyìn dé ẹnu ọ̀nà páàkì nígbà tí wọ́n ń jáde. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí kọnkéré tó tutù, ó gbọn ewé kúrò lára ìró rẹ̀, ó wọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀. Ìgbà tó ṣe gbogbo ìyẹn tán ló na ọwọ́ sí Ìníọlá láìsọ̀rọ̀, Ìníọlá sì gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kò fi rí i mọ́. Sharon náà ní òun kò lè mú ẹni tó ń parọ́ fún òun wọ igbó, torí irọ́ nínú igbó lè pa èèyàn. Ó yọ orúkọ Ìníọlá kúrò nínú ìwé títí oṣù Keje fi parí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, òjò tún rọ̀. Aago ìlẹ̀kùn dún, Ìníọlá sì sáré lọ ṣí i. Susan àti David ló wà níbẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ òjò.

"Mi ò lè lọ," ni Ìníọlá wí. "Mo ṣì ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́wọ́."

"A mọ̀," ni Susan wí. "Màmá la wá mú. Sharon ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń wá ìgbín."

David wo ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú ilé. "Ṣé ẹ̀pà yẹn ṣì wà?"

Màmá ti múra tán láti agogo mẹ́fà. Ìníọlá dúró ní fèrèsé àjà karùn-ún pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́, ìkòkò dúdú mẹ́ta ń dúró dè é, ó ń wo ìyá àgbà rẹ̀ bó ṣe ń rìn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí òun fi ọdún kan wá. Ó dùn ún. Ó tún pa á lẹ́rìn-ín. Bó bá ti mú Màmá mọ́ wọn láti ọjọ́ kìíní, gbogbo wọn ì bá jọ wà níbẹ̀.

Màmá dé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó kan orúnkún, kò sì mẹ́nu kan pápá ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ìníọlá bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bàsíà, ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá," ni ó wí, "ta ló sọ yín ní Ṣìmísọ́lá?"

Màmá na ẹsẹ̀ kejì sí i. "Ìyá bàbá mi ni. Kò sí ẹni tó bi mí rí láti ìgbà tí mo ti ń bímọ." Ó wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn, láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, omi inú bàsíà sì tutù tán kó tó parí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá ń tijú ará ilé rẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́, omi ojú ni yóò fi wá a nígbà tó bá yá, irọ́ tó pa kò sì ní bá a wá a. Ẹ bi àwọn àgbà yín ní orúkọ wọn nígbà tí wọ́n ṣì jókòó tì yín. Kì í ṣe kí ẹ lè máa pè wọ́n nínú igbó o. Kí ẹ lè mọ ẹni tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ni.